Kí Abẹ Tó Kan Ara: Bí A Ṣe Ń Múra Ẹran Sílẹ̀ fún Iṣẹ́ Abẹ Ọ̀nà Ìtọ̀

Ìbéèrè tí olóòtú ètò yìí gbé ka iwájú wa lálẹ́ òní dà bí ìbéèrè kékeré, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ó ní: nígbà tí a bá gbé àgbò tí kò lè tọ̀ mọ́ dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹran, tí ẹran náà ń kérora, tí ó ń fi ẹsẹ̀ ta ikùn ara rẹ̀, kí ló dé tí oníṣègùn kì í mú abẹ lójú ẹsẹ̀? Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fà, tí yóò sì so omi dírípù mọ́ ọn lọ́rùn, tí àwa tí a ni ẹran yóò dúró títí tí inú yóò fi máa bí wa?

Èmi tí mo jókòó síhìn-ín kì í ṣe oníṣègùn ẹran. Olùkọ́ èdè ni mí. Ìdí tí mo fi gbà láti sọ̀rọ̀ lórí kókó yìí ni pé mo ti fi ojú ara mi rí ibi tí àìgbọ́ra-ẹni-yé ti pa ẹran. Mo bi àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà léèrè lẹ́yìn ìgbà náà, mo sì ka ohun tí ó ṣe é kà. Èso ìbéèrè àti ìwé kíkà náà ni mo gbé wá.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi kan ra àgbò sílẹ̀ de ọdún Iléyá. Oṣù mẹ́rin gbáko ni ó fi ń bọ́ ọ ní àgbàdo àti eèrí, kí ó lè sanra. Nígbà tí ọdún ku ọ̀sẹ̀ méjì, àgbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ara rẹ̀. Ó ń ju ìrù, ó ń bojú wo ìhà rẹ̀, ó ń lọ eyín, kò sì fẹ́ oúnjẹ mọ́. Gbogbo wa ní àìrígbẹ́yà ni. A po àgbo fún un mu. Ọjọ́ kejì kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ara ẹran náà rọ̀ wọ̀ọ̀, kò kérora mọ́. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn, ó ní, “Àbúrò, ṣé o rí i pé àgbo náà ti jẹ́?” Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú lọ́tùn-ún lósì.

A gbé e lọ. Oníṣègùn náà fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó mi orí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa là á kíákíá.” Ọkùnrin náà dáhùn pé, “Bàbá, bí mo bá là á báyìí, orí tábìlì ni yóò kú sí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe.” Gbólóhùn náà kò yé wa. Kí ni à ń pè ní títún ẹ̀jẹ̀ ṣe? Ẹ̀gbọ́n mi rò pé wọ́n kàn fẹ́ fi gba owó lọ́wọ́ òun ni. Ó wọ́ ẹran rẹ̀ jáde, a sì gbé e padà sílé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àgbò ti kú.

N kò dá oníṣègùn náà lẹ́bi, n kò sì dá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́bi. Èmi tí mo gboyè nínú ìmọ̀ èdè ni mo dúró láàárín àwọn méjèèjì tí n kò lè túmọ̀ gbólóhùn kan ṣoṣo náà fún wọn. Gbólóhùn ọ̀hún ni mo fẹ́ túmọ̀ lálẹ́ òní.

Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí a ń tẹ̀. Kíndìnrín méjì ni ẹran ní, lábẹ́ eegun ẹ̀yìn ni wọ́n sì wà. Iṣẹ́ wọn ni láti máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń sẹ́ ògì. Ohun tí ara ń fẹ́ yóò padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdọ̀tí àti omi tí ó bá pọ̀ jù yóò di ìtọ̀. Láti ara kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ń gbé ìtọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sínú àpò-ìtọ̀. Láti inú àpò-ìtọ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó jáde síta. Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ pọ̀, ẹ jẹ́ kí a pe àwọn ti àkọ́kọ́ ní ọ̀nà-ìtọ̀ òkè, kí a sì pe èyí tí ó jáde síta ní ọ̀nà-ìtọ̀ ìsàlẹ̀.

Lára abo ẹran, ọ̀nà-ìtọ̀ ìsàlẹ̀ kúrú, ó sì fẹ̀. Bí òkúta kékeré bá wà níbẹ̀, yóò bá ìtọ̀ jáde. Lára àgbò àti òbúkọ, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ká kọ̀rọ̀ bí lẹ́tà S kí ó tó dé iwájú. Ní ṣóńṣó orí rẹ̀ pátápátá, ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ jáde tí ó rí bí ekòló. Ní kọ̀rọ̀ yẹn àti nínú ekòló yìí ni òkúta sábà máa ń há sí. Ti ẹran tí a tẹ̀ lọ́dàá ní kékeré tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kórópọ̀n ni ó ń sun ohun tí ń mú kí ọ̀nà náà dàgbà kí ó sì fẹ̀ bí ó ti yẹ.

Níbo ni òkúta ti wá? Láti inú oúnjẹ ni. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú ọkà àti nínú eèrí, kálísíọ̀mù inú wọn kò sì tó nǹkan. Ẹran tí ń jẹ koríko a máa jẹ àpọ̀jẹ lọ títí, itọ́ rẹ̀ a sì máa pọ̀. Inú itọ́ yìí ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń gbà dé inú ìfun, tí yóò sì bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣàkíyèsí ohùn orí ọ̀rọ̀ méjèèjì: itọ́ ni ti ẹnu, ìtọ̀ ni ti ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọkà rọ́pò koríko ti dín itọ́ kù. Inú ìtọ̀ ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yóò wá gbà. Bí omi mímu kò bá tún tó, yóò dì bíi yanrìn, yanrìn yóò sì di òkúta.

Ohun tí ń pa ẹran gan-an

Òkúta ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde ni ó ń pa ẹran. Nígbà tí ọ̀nà bá dí, àpò-ìtọ̀ yóò kún, ipá ìtọ̀ náà yóò ti kíndìnrín padà, kíndìnrín kò sì ní lè sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ó ti yẹ mọ́. Yúríà àti àwọn ìdọ̀tí mìíràn yóò máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ẹran yóò sì máa tòògbé.

Èyí tí ó léwu jù lọ ni pòtásíọ̀mù. Kíndìnrín ni ó ń lé e jáde. Bí ó bá kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ọkàn yóò máa lù díẹ̀díẹ̀, ó sì lè dákẹ́ lójijì. Lára ajá àti ológbò ni èyí ti wọ́pọ̀ jù. Àgbò àti òbúkọ lè máa da díẹ̀ lára rẹ̀ sínú itọ́ wọn, nítorí náà ti wọn kì í dọ́gba: ti ọ̀kan lè ga, ti òmíràn lè wálẹ̀. Ìdí nìyí tí oníṣègùn kò fi lè fi ojú lásán sọ ọ́, àfi kí ó fa ẹ̀jẹ̀ kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí a bá tún jẹ́ kí ó pẹ́, àpò-ìtọ̀ lè bẹ́. Ìrora yóò lọ, nítorí pé ohun tí ó fún ti tú. Ìrọ̀rùn ẹ̀tàn ni. Ìtọ̀ ti ń dà sínú ikùn, ara sì ń fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tí a ń yọ̀ pé àgbo ti jẹ́ nìyẹn.

Ẹ wá wo ibi tí oògùn oorun wọ̀ ọ́. Oògùn oorun fúnra rẹ̀ a máa dín agbára ọkàn kù, a sì máa mú ipá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn wálẹ̀. Ẹran tí ara rẹ̀ le yóò fara dà á. Ẹran tí ìtọ̀ ti dà mọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè sùn kí ó má jí mọ́, kí abẹ tó kàn án pàápàá. Nítorí náà, títún ẹ̀jẹ̀ ṣe kì í ṣe àsọdùn oníṣègùn. Ìdajì iṣẹ́ abẹ náà ni.

Bí ìmúrasílẹ̀ ti ń lọ

Ohun àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò. Oníṣègùn yóò béèrè ìgbà tí ẹran tọ̀ kẹ́yìn, ohun tí ó ń jẹ, àti bóyá a ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Yóò fọwọ́ fa awọ ọrùn rẹ̀. Bí awọ náà kò bá tètè padà sí àyè rẹ̀, omi ara ti dín kù. Yóò fetí sí ọkàn rẹ̀, yóò fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ìtọ̀ bá ṣe é rí, yóò gbà á sínú ìgò mímọ́ kí ó tó fún ẹran ní oògùn apakòkòrò, nítorí pé lẹ́yìn oògùn, kòkòrò àìfojúrí tí ó wà níbẹ̀ lè má fojú hàn mọ́.

Ohun kejì ni omi. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò lè fi èyí kọ́ ọmọ. Bí àgbò bá wọn 40 kílò, tí omi tí ó ti bọ́ lára rẹ̀ sì tó 8 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, lítà 3.2 ni gbèsè tí ara ń jẹ. A ó fi nǹkan bíi mìlílítà 50 lórí kílò kọ̀ọ̀kan kún un fún oòjọ́, èyí tí í ṣe lítà 2. Omi iyọ̀ tí a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ní gíráàmù 9 iyọ̀ nínú lítà kan. A kì í rọ́ ọ sínú ẹran lẹ́ẹ̀kan náà; à ń fi í lọ bí a ti ń ṣí ọ̀nà fún ìtọ̀. Bí pòtásíọ̀mù bá ti ń da ọkàn láàmú, oníṣègùn yóò rọra fún ẹran ní oògùn tí ó ní kálísíọ̀mù nínú láti inú iṣan. Èyí kì í lé pòtásíọ̀mù jáde, ọkàn ni ó ń dáàbò bò fún ìgbà díẹ̀. Ṣúgà glucose pẹ̀lú oògùn insulin ni ó ń ti pòtásíọ̀mù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú àwọn ẹ̀yà ara.

Ohun kẹta ni rírí ọ̀nà àbáyọ fún ìtọ̀. Fún àgbò, wọn yóò gbé e jókòó lórí ìdí, wọn yóò fa ojú ara akọ jáde, wọn yóò sì gé ekòló ṣóńṣó rẹ̀ bí òkúta bá há síbẹ̀. Nígbà mìíràn ìtọ̀ yóò tú jáde lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta mìíràn lè tún sọ̀ kalẹ̀ lọ́la, nítorí náà a kì í tìtorí èyí sọ pé ó parí. Fún ajá àti ológbò, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọn ń tì bọ ihò ìtọ̀, tí wọn yóò fi omi iyọ̀ ti òkúta padà sínú àpò. Bí gbogbo èyí kò bá ṣe é ṣe, wọn lè fi abẹ́rẹ́ gba ara ikùn fa ìtọ̀ jáde. Bí àpò bá ti bẹ́, wọn yóò rọra fa ìtọ̀ inú ikùn jáde díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe nílé ni kí ó máa fi ọwọ́ tẹ ikùn ẹran náà kí ó lè tọ̀. Àpò tí ó ti kún dé ẹnu lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun kẹrin ni àwòrán. Àwòrán X-ray, tàbí ti ẹ̀rọ tí ń fi ìró yàwòrán, yóò fi ibi tí òkúta wà hàn àti iye rẹ̀. Lára ajá, wọn yóò ka òkúta kí wọn tó là á, wọn yóò sì tún ya àwòrán lẹ́yìn iṣẹ́, kí ọ̀kan má baà ṣẹ́kù. Òkúta kan wà tí X-ray kì í fi hàn dáradára, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ lára ajá Dalmatian. Fún irú rẹ̀, wọn a máa fi afẹ́fẹ́ tàbí oògùn àfihàn sínú àpò-ìtọ̀ kí wọn tó ya àwòrán. Òkúta mìíràn sì wà lára ajá tí kòkòrò àìfojúrí fà, tí oògùn apakòkòrò àti oúnjẹ pàtàkì lè yọ́, bí ọ̀nà ìtọ̀ kò bá dí. Ẹ ò rí i pé ìmúrasílẹ̀ lè sọ abẹ di ohun tí a kò nílò mọ́?

Ohun karùn-ún ni oúnjẹ. Àgbò àti ewúrẹ́ tí a fẹ́ là ní ọjọ́ tí a ti dá tẹ́lẹ̀, a kì í fún wọn ní oúnjẹ fún wákàtí 12 sí 24, kí oúnjẹ àti omi inú àpòlúkù má baà pọ̀ wá sí ọ̀nà ọ̀fun nígbà tí wọn bá ń sùn, kí ó sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ti ajá sábà máa ń jẹ́ wákàtí 6 sí 12. Ẹran tí ìtọ̀ dí mọ́ nínú kò ní irú àyè yìí. Fún un, rọ́bà tí ó dí ọ̀nà ọ̀fun mọ́ra ni wọn yóò fi gba èémí fún un, wọn yóò sì tẹ́ orí rẹ̀ kí itọ́ lè máa ṣàn jáde. Omi mímu ńkọ́? Kíndìnrín tí ń ṣàìsàn kò fẹ́ òùngbẹ. A kì í fi omi du irú ẹran bẹ́ẹ̀ lọ títí.

Ohun kẹfà ni yíyan oògùn. Xylazine jẹ́ oògùn oorun tí àwọn oníṣègùn ẹran mọ̀ dáadáa. Ìwọ̀n tí ẹṣin ń gbà, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni ó tó màlúù. Àgbò àti ewúrẹ́ náà kò sì gba púpọ̀. Ṣùgbọ́n oògùn yìí a máa mú kí ìtọ̀ pọ̀. Ta ni yóò da omi kún ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ ti dí? Nítorí náà, oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ kì í lò ó nígbà tí ọ̀nà kò tíì ṣí. Ó lè gún oògùn tí ń mú ara kú tipiri sí ẹ̀yìn ìbàdí dípò rẹ̀, tí apá ẹ̀yìn ẹran kò fi ní mọ ìrora. Oògùn apakòkòrò gentamicin àti àwọn oògùn ara ríro kan náà lè ba kíndìnrín jẹ́ nígbà tí omi ara bá ti gbẹ. Ẹni tí ń ra oògùn fún ẹran ní ọjà, tí ó sì ń gún un fúnra rẹ̀, kí ó fi èyí sọ́kàn.

Ohun keje ni ìmọ́tótó. Wọn yóò fá irun ibẹ̀ kọjá ibi tí abẹ yóò dé, wọn yóò fi oògùn áyódínì tàbí irú rẹ̀ fọ ọ́ láti àárín lọ sí ẹ̀bá, láìtún fi òwú kan náà padà sí àárín. Ti akọ ajá, wọn yóò fọ inú awọ tí ó bo ojú ara rẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni abẹ yóò gbà.

Ohun kẹjọ, tí àwọn ènìyàn kì í kà kún ìmúrasílẹ̀, ni ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹni tí ó ni ẹran gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọn fẹ́ ṣe. Bí wọn bá fẹ́ la àpò-ìtọ̀ kí wọn sì fi rọ́bà sí i, ìtọ́jú ọjọ́ púpọ̀ ni. Bí wọn bá fẹ́ lu ihò ìtọ̀ tuntun sí abẹ́ ìrù, àgbò náà kò ní lè gun abo mọ́, ihò náà sì lè tún há ní ọjọ́ iwájú. Bí ẹni náà bá fẹ́ pa ẹran náà jẹ, kí ó mọ̀ pé ẹran tí ìtọ̀ ti dà mọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò yẹ fún jíjẹ, àti pé ẹran tí a ti gún ní oògùn gbọ́dọ̀ pé iye ọjọ́ kan kí a tó lè pa á. Ẹni tí ó ti gbọ́ gbogbo èyí nìkan ni ó lè sọ pé, “Ẹ máa bá a lọ,” kí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ àwa olùkọ́

Ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta, wọn ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ ìṣègùn ẹran. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn fi ń kọ́ wọn. Àwọn tí wọn yóò bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Bàbá tí ó wọ́ àgbò wá láti abúlé ni, àti ìyá tí ó gbé òbúkọ wá nínú agbọ̀n. Bí oníṣègùn kò bá lè fi èdè àwọn wọ̀nyí sọ ìdí tí òun fi ní kí wọn dúró, wọn yóò ka ìdúró sí ìjáfara tàbí sí ọgbọ́n àtigbowó.

N kò sọ pé kí a hun ọ̀rọ̀ tuntun fún gbogbo nǹkan. Ọ̀rọ̀ tí ń sọ ohun tí à ń ṣe ni ó yẹ wá. Ẹ gbọ́ bí oníṣègùn náà ìbá ti sọ ọ́: “Bàbá, ìtọ̀ ti dà mọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹran yín. Bí mo bá fún un ní oògùn oorun nísinsìnyí, ọkàn rẹ̀ lè dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fa ìtọ̀ náà jáde, kí n sì fi omi la ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ni a ó wá òkúta lọ.” Gbólóhùn mẹ́rin péré. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀. N kò lè búra pé àgbò náà ìbá yè, nítorí pé ọjọ́ mẹ́ta ti pẹ́ jù; ṣùgbọ́n à bá ti dúró.

Kí a tó parí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò ní jẹ́ kí a dé ọ̀dọ̀ alábẹ. Ẹ jẹ́ kí koríko pọ̀ ju ọkà lọ nínú oúnjẹ ẹran yín. Ẹ jẹ́ kí omi mímọ́ wà níwájú wọn tọ̀sán tòru. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí oúnjẹ wọn kí wọn lè máa mu omi. Bí ẹ bá ń po oúnjẹ fúnra yín, ẹ bi àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ léèrè bí kálísíọ̀mù inú rẹ̀ yóò ṣe tó ìlọ́po méjì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ẹ má ṣe tètè tẹ ọmọ òbúkọ lọ́dàá. Nígbà tí akọ ẹran bá sì ń fún ara rẹ̀, kí ẹ tó pè é ní àìrígbẹ́yà, ẹ dúró tì í kí ẹ wò ó bóyá ó ń tọ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ìkánjú ní àyè tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, sùúrù náà sì ní tirẹ̀. Ọwọ́ àwa tí a ni ẹran ni ìkánjú yẹ: kíákíá ni kí a gbé e lọ, ní ọjọ́ kìíní, kí ikùn tó wú. Bí a bá ti dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù sílẹ̀ fún oníṣègùn, kí ó fi tún ẹ̀jẹ̀ ṣe.